Mẹkáníìkì Tó Fi Irinṣẹ́ Rẹ̀ Tọrẹ

"Èyí tí mo so òwú pupa mọ́ yìí, òun ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Bó bá fẹ́ há mọ́ ọ lọ́wọ́, má fi agbára yí i. Rọra gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀, á ṣí."

Aránṣọ kò dá ọkọ rẹ̀ lóhùn. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó láràárọ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, láìsí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ọkọ rẹ̀ to àwọn kọ́kọ́rọ́ yòókù sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Lẹ́yìn náà ó mú igò epo kékeré kan jáde lápò, ó kán an sí ìdí ilẹ̀kùn yàrá. Ó ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i. Ilẹ̀kùn tó ti ń han gooro láti ìgbà tí wọ́n ti kó débẹ̀ dákẹ́ pátápátá.

"Ó ti dáa báyìí," ni ó wí fún ilẹ̀kùn náà, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé ọ̀hún mọ́.

Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí. Bí ọkọ̀ bá kú, tí àwọn mẹkáníìkì yòókù ti ní kí olówó rẹ̀ lọ tà á fún àwọn tó ń ra irin, wọn á ní kó kọ́kọ́ gbé e fún Ẹ́ńjìnnì wò. Á tẹ etí sí iwájú ọkọ̀ náà, á dijú, á mirí, á wá ní, "Kò tíì kú o. Ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn ún." Aláwàdà gbáà ni. Iwájú ilé ni ó ti ń tún ọkọ̀ ṣe, yàrá tó kọjú sí ibẹ̀ gan-an ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ránṣọ. Bí òun bá ń lu irin, ìyàwó á máa tẹ ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á sì jọ máa pariwo bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, lẹ́yìn tí wọ́n ti retí títí tí ìrètí wọn fẹ́ pin. Obìnrin ni. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń yà sí ẹ̀gbẹ́, ìdí á máa mì lẹ́gbẹẹlẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn ún sọ. Ọ̀sán gangan ni. Ẹ́ńjìnnì ti tún jíà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ṣe tán, ó sì fẹ́ wò ó bóyá á lè fẹ̀yìn rìn dáadáa. Ó wo dígí ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó fẹ̀yìn rìn. Ibi tí dígí méjèèjì kò dé ni Pẹ́pẹ́yẹ wà. Kò tíì ga tó ohun tí dígí ń rí.

Láti ọjọ́ náà ni Aránṣọ kò ti bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ó bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ó ń se oúnjẹ, ó ń gbé e síwájú rẹ̀, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ó ń ká a. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn sọ tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Aránṣọ wo ẹni náà títí, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ àná wo? Ṣé èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́tun láràárọ̀ tí òun bá lajú ni wọ́n ń pè ní ti àná?

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wà nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbọ́ bàtà ọmọ náà, pàtì, pàtì, pàtì, tó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó gbọ́ ohùn ọkọ̀ níta. Ó mọ ohun tí ó yẹ kí òun ṣe. Ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ kó ká ìdí búláòsì kan tán, ó sì wí nínú ara rẹ̀ pé, "Jẹ́ kí n parí ìlà yìí ná." Ìlà kan péré. Kò tíì já òwú nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi igbe ta.

Gbogbo ayé ló bi ọkọ léèrè pé, "Ṣé o ò wẹ̀yìn ni?" Kò sẹ́ni tó bi ìyàwó pé, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ò gbọ́ ni?" Ó mọ̀ dájú pé bí òun bá la ẹnu bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ ọ̀hún kéré mọ, èyí ni yóò kọ́kọ́ bọ́ jáde. Ni ó bá pa ẹnu dé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wá dá sí ọ̀rọ̀ náà. Símẹ́ǹtì ni ẹ̀gbọ́n yìí ń tà, ohùn rẹ̀ náà sì le bíi símẹ́ǹtì tó ti gbẹ. Ó wọlé, kò jókòó.

"Ṣé bẹ́ ẹ ṣe máa wà nìyí? Ẹ wà nínú ilé kan náà, ẹ̀ ń yí ara yín ká bí ológbò àti ekúté. Di ẹrù rẹ. Tó bá di Sátidé, màá wá gbé ọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó ná."

"Kí lo fẹ́ rò? Ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀—"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́."

"Èmi kọ́ ni mò ń sọ ọ́. Ayé ló ń sọ ọ́."

Ìgbà tí wọ́n gbójú sókè, Ẹ́ńjìnnì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ mà," ó wí. Ẹ̀gbọ́n ń wo ògiri. "Ó dáa bó ṣe fẹ́ máa bá yín lọ. Ó dáa gan-an ni. Sátidé lẹ wí?"

"Sátidé."

"Ṣé láàárọ̀ ni àbí lọ́sàn-án?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Rárá o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni." Ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni Aránṣọ kò lè gbàgbé. Kì í ṣe ẹ̀rín ìbínú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹlẹ́yà. Ẹ̀rín ẹni tó ti rin ìrìn àjò tó rẹ̀ ẹ́, tí wọ́n wá ní ilé kù díẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà ni ara ọkùnrin náà ti fúyẹ́. Ó fá irùngbọ̀n tó ti bo ojú rẹ̀. Ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Ó ń sùn. Ibi tó bá sì ti bàjẹ́ nínú ilé, tó ti ń wí láti ọjọ́ pípẹ́ pé òun máa tún un ṣe, ó tún un ṣe: ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń jò, gíláàsì fèrèsé tó sán, bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti gbó. Ó fi han ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pa iná gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò retí èsì.

"Inú rẹ̀ ń dùn ni!" ẹ̀gbọ́n pariwo lórí fóònù nígbà tí Aránṣọ ròyìn rẹ̀ fún un. "Inú rẹ̀ ń dùn pé ò ń lọ. Ṣé o ti rí i báyìí?"

Aránṣọ ní òun ti rí i. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tutù nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀ bí ẹni gbé òkúta yìnyín mì, kò sì mọ orúkọ tí òun lè pè é.

Nígbà tó di Sátidé, Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí aṣọ ìyàwó rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó wọ ẹ̀wù funfun rẹ̀ tó dára jù, èyí tí kì í jẹ́ kí epo ọkọ̀ kàn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀, ó fi ọwọ́ kan ara ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Máa jẹun dáadáa o," ó wí. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń ka ohun tí kò ní í rí kà mọ́. "O ṣeun. O ò ṣẹ̀ mí rárá o. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn dájú. O ò ṣẹ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Aránṣọ lára bí abẹ́rẹ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ṣáná sí ọkọ̀.

Wọn kò tíì jìnnà. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé epo tó wà ní oríta, ọkùnrin kan ju ọwọ́ sókè, ó ń sáré bọ̀ sójú títì. Wáyà ni, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, òun àti Ẹ́ńjìnnì sì ti ń bá ọ̀rẹ́ bọ̀ láti ìgbà tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́.

"Ìyàwó wa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni?"

"Kí ló dé?" Ẹ̀gbọ́n ló dáhùn.

"Ó kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ fún mi lánàá. Gbogbo rẹ̀ pátá! Títí kan sípánà tí ọ̀gá wa fún un lọ́jọ́ tó gba òmìnira, èyí tí kì í jẹ́ kí èmi gan-an fọwọ́ kàn. Mo ní ọ̀rẹ́ mi, kí ló ṣẹlẹ̀? Ó ní òun ò ní nílò wọn níbi tí òun ń lọ. Mo ní níbo nìyẹn? Ó ní ibẹ̀ jìn díẹ̀. Ẹ̀rín ló sì ń rín, ni mo ṣe rò pé ẹ jọ ń kó lọ sí ìlú mìíràn ni." Ó yọjú wo inú ọkọ̀, ó wo ẹ̀yìn, ó wo àpótí kan ṣoṣo náà. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Àṣé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń lọ?"

Ọdẹ kì í fi ìbọn tọrẹ kó tún ní òun ń bọ̀ wá re oko ọdẹ. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n tò sórí tábìlì, ilẹ̀kùn tí kò han mọ́, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tán, "láàárọ̀ ni àbí lọ́sàn-án": gbogbo rẹ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ síwájú Aránṣọ, òkúta yìnyín inú rẹ̀ sì rí orúkọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yí ọkọ̀ padà."

"Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Àwọn ọkùnrin mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí obìnrin lè—"

"Ẹ yí i padà, àbí kí n fò bọ́ sílẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n wo ojú àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó yí ìtọ́kọ̀. Wáyà ti já wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kó tó yí i tán.

Wọ́n bá gbogbo fèrèsé ní títì, wọ́n ti fa aṣọ bò wọ́n. Iwájú ilé mọ́ tónítóní, wọ́n ti gbá a, kò sí nọ́ọ̀tì ọkọ̀ kankan nílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kò ṣiṣẹ́. Irin ni wọ́n fi há ilẹ̀kùn láti inú. Wáyà gbá èjìká lù ú, kò mì. Ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti wá fèrèsé tó lè fọ́.

Aránṣọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ṣílẹ̀kùn," ó wí. Ohùn rẹ̀ dàbí ohùn ẹlòmíràn létí ara rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ó pẹ́ kí ohùn kan tó ti inú ilé wá, láti ọ̀nà jíjìn. "Jọ̀ọ́, máa lọ. Ṣebí o ti lọ? Kí lo padà wá ṣe?"

"Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ."

"Mo ti mọ̀ ọ́n. Kò sí èyí tó o fẹ́ sọ tí n ò tíì sọ fún ara mi."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n." Ó fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn. "Mo gbọ́ nígbà tó ń jáde."

Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ilẹ̀kùn náà.

"Mo gbọ́ bàtà rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọkọ̀ náà, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà nínú rẹ̀. Mo ní kí n parí ìlà tí mò ń rán ná. N ò dìde. Látìgbà náà ni mo ti ń wò yín tí ẹ̀ ń ru ẹrù ẹni méjì, mo sì dákẹ́, torí pé bí gbogbo èèyàn bá ti ń wò yín, kò sẹ́ni tó máa wo èmi."

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Láti inú ilé, nǹkan kan ró gbì, bí àga tó ṣubú. Aránṣọ figbe ta. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn, ó ń lù ú, ó ń lù ú, títí tó fi gbọ́ pé ẹnì kan ń mí níhà kejì rẹ̀, nítòsí gan-an.

"Ìlà kan?" ohùn náà béèrè.

"Ìlà kan."

"Aṣọ wo ni?"

"Búláòsì. Ìdí rẹ̀ ni mò ń ká."

Lẹ́yìn náà: "Bó o bá tiẹ̀ dìde, o ò ní bá a. Ó máa ń sáré. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń sáré. O ò jẹ̀bi nǹkan kan."

"Ta ló sọ fún yín? Ṣé bó ṣe rọrùn fún yín láti dárí jì mí nìyí, lójú ẹsẹ̀, láìtiẹ̀ ronú? Kí ló wá dé tí ẹ ò lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ara yín?"

"Ọwọ́ mi ló wà lórí ìtọ́kọ̀."

"Etí mi ló gbọ́ bàtà."

Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sunkún, ẹkún gbígbẹ bí ikọ́. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"N ò ní purọ́ fún yín pé inú mi ti yọ́. Àwọn òwúrọ̀ kan wà tí n kì í lè wo ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ, èmi nìkan ló máa kù láyé tó mọ bó ṣe máa ń rìn. Ẹ má fi mí sílẹ̀ sínú ìyẹn. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Irin náà ha ilẹ̀kùn bó ṣe ń jáde. Ẹ́ńjìnnì dúró síbẹ̀ nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀, òógùn ti bò ó. Aránṣọ kò wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò wo ohun tó wà nínú yàrá. Wáyà tó ti gba ojú fèrèsé wọlé ló rí i. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi wé ohun tó rí, ó sì gbé e gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Tọkọtaya náà jọ wó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ọkọ gbé orí lé ìyàwó rẹ̀ nítan, ó sunkún títí oorun fi gbé e lọ bí ọmọdé. Aránṣọ ti rò pé bí òun bá ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán, ara òun á fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ẹrù náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ti mọ̀ pé ó ń rù ú ni.

Oòrùn yí kúrò lára ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri, kò sún un. Ẹ̀gbọ́n ti lọ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù lójú títì, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ lọ́nà tí àbúrò rẹ̀ kò gbọ́ rí. Ó padà wá, ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi í sábẹ́ orí ọkùnrin tí òun kò kí.

"Dókítà kan wà tó ń tọ́jú ọkàn tó bá gbọgbẹ́," ó wí. "Ó ní kí ẹ̀yin méjèèjì wá lọ́la. Ó ní lónìí, ká má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, bó ṣe ìṣẹ́jú kan." Ó jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ tó dára, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹnu mi yìí. Mo sọ̀rọ̀ sí i lójú ara rẹ̀. Ó ń kí mi, mò ń wo ògiri."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Tó bá jí, ẹ kí i."

Ó jí nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó sórí táyà ní àgbàlá láìwẹ̀wù.

"Ẹ kú ìsinmi o," ẹ̀gbọ́n wí.

Ọkùnrin náà yí ojú sí ìyàwó rẹ̀. "O ò lọ mọ́?"

"N ò lọ lónìí."

"Lọ́la ńkọ́?"

"Lọ́la, ẹ máa bá mi dé ọ̀dọ̀ dókítà."

"Lẹ́yìn ìyẹn?"

Aránṣọ ronú sí i, nítorí kò fẹ́ purọ́ fún un. "N ò tíì mọ̀," ó wí. "Ẹ fà mí dìde. Ẹsẹ̀ mi ti kú."

Ó na ọwọ́ sí i. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi dì í mú.